Abẹ́ ta ni kí ibùdó ọgbọ́n tuntun wà? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún fún Èkìtì

Ọjọ́ tí wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ ibùdó tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ọgbọ́n tuntun láwùjọ. Wọ́n á pa àgọ́, onílù á dé, àwọn kábíyèsí á jókòó níwájú. Ohun tó ń pinnu bóyá ilẹ̀kùn ibùdó náà á ṣì ṣí lọ́dún kẹrin ni ìbéèrè tí kì í sábà wáyé lọ́jọ́ náà: abẹ́ ta ló wà, ta ló sì ń fọwọ́ sí owó rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń pète irú rẹ̀ ní Èkìtì, yálà òṣìṣẹ́ ìjọba, alága kánsù, ọ̀gá yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú yín. Ìnáwó wọn yàtọ̀, ewu wọn náà yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ojú rí iṣẹ́ náà, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé yàrá tó kún fún kọ̀ǹpútà ni. Ẹ wo kànga ẹlẹ́rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà lábúlé. Kì í ṣe ohun ńlá ló sábà máa ń pa á. Rọ́bà kékeré tó wà nínú rẹ̀ á jẹ, ọwọ́ á máa lọ á máa bọ̀, omi ò ní jáde. Ẹni tó bá ní sípánà àti rọ́bà tuntun lè tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, kò sí rọ́bà nítòsí, kò sí owó tí a dá jọ, làwọn obìnrin bá padà sódò. Iṣẹ́ ibùdó ni láti pe àwọn obìnrin náà, ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe àti òṣìṣẹ́ kánsù jókòó, kí wọ́n dán nǹkan wò lábúlé márùn-ún fún oṣù mẹ́fà: ilé kọ̀ọ̀kan dá owó díẹ̀ lóṣù, ọ̀dọ́ kan gba ẹ̀kọ́, rọ́bà àpamọ́ wà nílé rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lára kànga. Wọ́n á ka iye ọjọ́ tí omi fi dá kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́, ìjọba á gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, a ti mọ̀ nígbà tí owó kékeré ṣì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti èèpo ẹ̀gẹ́ àti omi kíkan tó ń ṣàn níbi tí wọ́n ti ń fún gààrí, àti èèpo ìrẹsì nílùú bí Ìgbẹmọ. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa ni Co-Creation Hub ní Yábà, l'Ékòó: ibẹ̀ ni èrò BudgIT, tó ń tú ìwé ìṣúná sí èdè tó lè yé ará ìlú, ti bẹ̀rẹ̀ ní 2011.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Èkíní ni iye tábìlì tí ìwé owó gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí owó tó jáde. Èkejì ni bóyá ibùdó á la ìyípadà ìjọba kọjá. Láti 1999 títí di 2022, kò sí gómìnà tó ṣe ọdún mẹ́jọ léra ní Èkìtì. Ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ni ìjọba ń gba ọwọ́ ara wọn níbí, nígbà tí ọdún ìṣúná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sópin, nítorí náà ìṣúná tí gómìnà tuntun bá nínú àpótí kì í ṣe èyí tí òun kọ. Ẹ̀kẹta: ṣé ibùdó lè gba òṣìṣẹ́ tó fẹ́, kó sì san iye tó yẹ? Ẹ̀kẹrin: ṣé owó láti òde lè wọ àpò rẹ̀ láìsọnù sínú àpò ńlá ìjọba? Ẹ̀karùn-ún: ṣé ìyálọ́jà lè wọlé láìsí pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi í léèrè ìwé ìdánimọ̀?

Mo gbà pé méjì àkọ́kọ́ ló wúwo jù. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ iná yẹ̀ wò kí a tó wo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, torí iye rẹ̀ kì í yí padà, ẹni yòówù kó ni ibùdó.

Ibùdó tó gba ogójì ènìyàn: laptop 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan wáàtì 60, jẹ́ 2,400. Fáànù 10, wáàtì 70, jẹ́ 700. Gílóòbù LED 30, wáàtì 10, jẹ́ 300. Ẹ fi wáàtì 100 kún un fún ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àti ohun kéékèèké. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 3,500. Fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, yúníìtì 28 nìyẹn (wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni yúníìtì kan). Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, 616. Láti oṣù kẹrin 2024 tí owó iná Band A (ti àwọn tó yẹ kó rí iná wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán) ti kọjá ₦200 fún yúníìtì kan, iná ìjọba nìkan á lé ní ₦123,000 lóṣù, bí iná bá wà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ 10kVA, ẹ ka epo dísù (diesel) tó tó lítà méjì ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ lítà 352 lóṣù. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á nílé epo lóṣù yìí sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó ṣe ìlérí kankan. Ọ́ìlì rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà ní bíi wákàtí 250, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù kan ààbọ̀.

Sólà ni mo máa yàn fún ọ̀sán: pánẹ́ẹ̀lì 13 tó jẹ́ wáàtì 550, bátìrì líthíọ́ọ̀mù tó tó yúníìtì 10, iná ìjọba sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́. Ohun tó máa ń ba irú ètò yìí jẹ́ ni ẹ̀rọ amúlétutù. Méjì tó jẹ́ ẹṣin agbára kan ààbọ̀ máa ń jẹ iná tó tó ti laptop ogójì yẹn pátá. Bí ọ̀gá kan bá so wọ́n mọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣírò tán, bátìrì á máa gbẹ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kò sì ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹ tún rántí pé ìkúukùu oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án máa ń dín iná sólà kù, eruku ọyẹ́ náà sì ń bo pánẹ́ẹ̀lì. Kí ẹnìkan máa fọ̀ wọ́n, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún 2020 ni Èkìtì dín owó ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kù, láti ₦4,500 sí ₦145 fún mítà kan. Ṣùgbọ́n wáyà lè má tíì dé ibi gbogbo. Kí ẹ tó gba ilẹ̀ tàbí ilé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì bóyá wáyà wọn dé ibẹ̀. Ilé ọ̀fẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé, ilé ọ̀wọ́n ni.

Ọ̀nà kìíní: inú ilé-iṣẹ́ ìjọba

Ó yá jù. Kọmíṣọ́nà kọ mémò, wọ́n wá yàrá méjì, wọ́n gbé òṣìṣẹ́ mẹ́rin síbẹ̀, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò ná ìjọba ní owó oṣù tuntun. Bí ìmọ̀ràn kan bá jáde níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó lè sọ ọ́ di ìlànà ló wà.

Àmọ́ ẹ tẹ̀lé fáìlì kan. Owó íntánẹ́ẹ̀tì ń parí lọ́jọ́ 28. Òṣìṣẹ́ kọ ìbéèrè, ó lọ sọ́dọ̀ olùdarí, olùdarí kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà, ó dé ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nà, ó padà sọ́dọ̀ àwọn oníṣirò, wọ́n kọ ìwé ìsanwó, ó lọ sí ọ́fíìsì oníṣirò owó àgbà ìpínlẹ̀. Bí ẹnìkan bá rin ìrìn-àjò lọ sí Àbújá, fáìlì dúró dè é. Owó tó wà nínú ìwé ìṣúná kò tíì di owó ọwọ́ títí tí wọ́n á fi tú u sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ibùdó ti ń kú nígbà tí ìwé wọn ṣì ń dán. Yàtọ̀ sí èyí, òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iṣẹ́ lè gba lẹ́tà pé wọ́n ti gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ míràn lọ́jọ́ Ajé.

Dẹ́nímáàkì dán irú èyí wò. MindLab, tó wà láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba wọn, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ayé sì ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní 2018, nígbà tí ìjọba yí ojú sí nǹkan míràn, wọ́n tì í. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún tiwọn, ẹ má fi ọ̀nà yìí ṣe ilé ayérayé. Fún ìdánwò oṣù méjìlá, ó dára gan-an.

Ọ̀nà kejì: àjọ tí òfin gbé kalẹ̀

Níbí, àbádòfin á lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 26: kíkà àkọ́kọ́, kíkà kejì, ìgbìmọ̀, ìgbọ́rọ̀ àwọn ará ìlú, kíkà kẹta. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, aṣòfin 18 ló gbọ́dọ̀ dìbò kí ó tó di òfin láìsí i. Ẹ fọkàn sí oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ó sì lè ju ọdún kan lọ bí ìdìbò bá bọ́ sí àárín.

Èrè rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè fi mémò pa á. Lagos State Employment Trust Fund, àjọ ìjọba Èkó tó ń fi owó ran oníṣẹ́ lọ́wọ́, tí òfin 2016 dá sílẹ̀ láyé gómìnà Ambode, ṣì ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ Sanwo-Olu tó rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè dá àjọ sílẹ̀ kó má fún un ní oúnjẹ. Ẹ ti rí àjọ tó ní alága, tó ní mọ́tò, tí kò ní owó iṣẹ́ kankan. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa jà fún nínú àbádòfin kì í ṣe orúkọ àjọ. Ẹ jà fún ìlà tó sọ ibi tí owó á ti máa wá. Kí sáà àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ má parí lọ́jọ́ kan náà. Kí a kéde ipò ọ̀gá àgbà nínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tó bá fẹ́ ipò náà lẹ́nu wò. Kí àjọ lè gba owó ìrànlọ́wọ́ sínú àpò tirẹ̀. Kí àyẹ̀wò owó jáde fún gbogbo ènìyàn láàárín oṣù mẹ́fà tí ọdún bá parí.

Owó oṣù ni ìṣòro tó kù. Ọmọ tó mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ dáadáa lè jókòó sí Àdó kó máa ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ l'Ékòó tàbí l'ókè òkun. Owó ìpele kẹjọ kò ní dá a dúró.

Ọ̀nà kẹta: inú ọgbà yunifásítì

Èkìtì kò ṣaláìní ilé ẹ̀kọ́: EKSU àti ABUAD l'Ádó, FUOYE l'Ọ́yẹ̀, BOUESTI n'Íkẹ̀rẹ́, políìtẹ́níìkì ìjọba àpapọ̀ l'Ádó àti ti ìpínlẹ̀ n'Ísàn. Yàrá ìwádìí wà, akẹ́kọ̀ọ́ wà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i pé a kò fi ìwádìí ṣe ènìyàn léṣe wà. Ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ kéré.

Ohun mẹ́ta ló ń bà á jẹ́. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Ibùdó tí géètì rẹ̀ jẹ́ géètì yunifásítì á bá a tì. Ìkejì, FUOYE jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, nítorí náà ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè pàṣẹ fún un, bẹ́ẹ̀ ni owó tó bá wọ ibẹ̀ á gba inú TSA kọjá, ìyẹn àpò kan ṣoṣo tí ìjọba àpapọ̀ ń kó owó sí: adìyẹ bà lókùn ni, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. Ẹ̀kẹta, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń gbé olùkọ́ ga, kì í ṣe iye kànga tó ń yọ omi. Bí ẹ bá yan ọ̀nà yìí náà, ẹ kọ́ ilẹ̀kùn ibùdó sí ẹ̀bá títì, lóde géètì, kí mítà iná rẹ̀ dá wà.

Ọ̀nà kẹrin: ilé-iṣẹ́ tí kì í pín èrè

Èyí ni mo fi sí òkè fún ọ̀pọ̀ ibùdó tó fẹ́ pẹ́. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ CAMA 2020, a lè fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò ní ìpín, tí kò sí ẹni tó lè pín èrè rẹ̀. LTD/GTE ni wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò àgbà orílẹ̀-èdè ló gbọ́dọ̀ fàṣẹ sí i, òfin sì fún un ní ọjọ́ 30. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á ṣèlérí pé bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, gbogbo wọn á jọ dá ohun tí kò dín ní ₦100,000. Ní gbólóhùn kan: ìjọba fún un lówó, ṣùgbọ́n fáìlì rẹ̀ kì í gun òkè lọ sí sẹkitéríàtì.

Àwọn kan ń béèrè bóyá ìforúkọsílẹ̀ àwọn alábòójútó, irú ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́, kò ní tó. Ó dín wàhálà kù lóòótọ́: alábòójútó méjì ó kéré tán, ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, ọjọ́ 28 fún ẹni tó bá ní àtakò. Fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ó tó. Bí ìjọba á bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí owó ńlá á sì wọlé, ẹ lọ sí LTD/GTE. Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi owó ẹ̀bi ṣe owó mímọ́, torí báńkì á béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àpò yín.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣàṣìṣe ni ìgbìmọ̀. Bí márùn-ún nínú méje bá jẹ́ aláṣẹ ìjọba, ẹ ti padà sí ọ̀nà kìíní, orúkọ nìkan ló yí. Méje tí mo máa yàn: méjì láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ọ̀kan láti yunifásítì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tàbí ìyálọ́jà, ọ̀dọ́ kan, akáǹtáǹtì kan tí kò bá ìjọba dòwò, àti ẹnìkan láti inú àwọn tó ní àìlera ara. Kí ìpàdé má lè wáyé láìpé mẹ́rin. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó, kí aláṣẹ ìjọba má wà nínú wọn.

Lẹ́yìn náà ni àdéhùn owó. Ọdún mẹ́ta ni kó jẹ́, kí ó sì rékọjá ìdìbò kan. Kí owó máa wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kì í ṣe lẹ́yìn tí ibùdó ti ná owó tán tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá a padà. Kí ìjọba gbé gbogbo rẹ̀ lọ́dún kìíní, bí ìdá méje nínú mẹ́wàá lọ́dún kejì, ìdajì lọ́dún kẹta, kí ibùdó fi owó àyálò yàrá, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń san owó fún àti ìrànlọ́wọ́ òde dí èyí tó kù. Ẹ kọ ohun tí ìjọba máa gbà padà sílẹ̀: ìṣòro mélòó ni wọ́n dán wò lọ́dún, mélòó ni kánsù gbà lò, mélòó ni wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, àti ìdí. Èyí tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ibùdó tó ní gbogbo ohun tí òun dán wò ló yọrí kò dán nǹkan kan wò.

Ilé ńkọ́? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní Seoul, ní Kòríà Gúúsù, ìjọba ìlú ṣí ọgbà ọgbọ́n tuntun ńlá kan ní 2015, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àjọ sì kó wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ ti ìjọba ìlú. Olórí ìlú yí padà ní 2021, nígbà tó di oṣù kejìlá 2022 wọ́n kéde ètò ilé gogoro míràn fún ilẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ gba ìwé àyálò ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Ìlérí ẹnu lọ́jọ́ ìṣílé kì í ṣe ìwé.

Ọ̀nà karùn-ún: kí ìjọba fi ilé lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́

Ìjọba kọ́ ilé tàbí tún ògbólógbòó kan ṣe, ilé-iṣẹ́ aládàáni wá ń darí rẹ̀. Ó máa ń mọ́, iná kì í lọ, òṣìṣẹ́ kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Àmọ́ owó ló ń wá. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìdí tí a fi kọ́ ọ á ti yí: ẹni tó lè sanwó ìjókòó ló kún ibẹ̀, ẹni tí kànga rẹ̀ bàjẹ́ kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ àwùjọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì gba ọ́fíìsì tó ń mójú tó ríra ọjà ìjọba kọjá kí ẹ tó yan ẹnikẹ́ni. Fún iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń wá èrè, irú èyí tí Ekiti Knowledge Zone, ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀, ń retí, ó bá a mu ju fún ọ̀rọ̀ kànga àti gààrí lọ.

Ta ni kó mú èwo?

Kọmíṣọ́nà tó fẹ́ kí nǹkan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí tí kò sì ní owó púpọ̀: ọ̀nà kìíní, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí nínú mémò, kí a sì ti máa fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọ̀nà kẹrin sílẹ̀ láàárín oṣù méjìlá yẹn. Ìdánwò méjì tó bá yọrí níbẹ̀ ló máa bá a bẹ owó.

Gómìnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ níwájú: ọ̀nà kẹrin lákọ̀ọ́kọ́, kó wá gbé òfin kúkúrú lọ sí Ilé Aṣòfin tó dáàbò bo owó rẹ̀ nìkan. Kò sí ìdí tó fi máa dá àjọ tuntun kan tó ní ìpele owó oṣù àti mọ́tò alága sílẹ̀. Bí ó bá ku ọdún kan péré kí ó lọ, kó má gbìyànjú òfin ńlá. Kí ó fọwọ́ sí ìwé àyálò àti àdéhùn ọdún mẹ́ta.

Ìpínlẹ̀ tó fẹ́ kí ibùdó máa pín owó ńlá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, irú èyí tó ní ẹ̀yáwó nínú: ọ̀nà kejì, láìṣe àbùjá. Owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òfin lẹ́yìn.

Yunifásítì tó ti ní olùkọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó ń lọ sábúlé fúnra wọn: ọ̀nà kẹta, pẹ̀lú ilẹ̀kùn lẹ́bàá títì. Bí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ fi sílẹ̀.

Kánsù, ní Ìkọ̀lé tàbí Ẹ̀fọ̀n tàbí Ìjerò, ẹ má kọ́ ilé. Ẹ wá yàrá méjì lẹ́bàá ọjà, òṣìṣẹ́ méjì, laptop mẹ́fà, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣòro kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú ń sọ. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè fi orúkọ alábòójútó sílẹ̀ kó máa di owó rẹ̀ mú, kánsù á máa san ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó máa san ti oṣù kìíní, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ra àga.